Ohun Tí Ó Ń Jẹ Bátìrì Fóònù Wa, Àti Bí A Ṣe Lè Dín In Kù

  Ẹ̀kọ́ tí a gbé kalẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa ti àkókò yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń kọ́ nípa ìwé ìṣirò, owó èlé àti yíyá owó. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ bátìrì fóònù. Ó kàn wá púpọ̀, bí a ó ti rí i. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sókè ní ìpàdé fún àwọn ìyá àti bàbá wa tí kò lè kà á fúnra wọn, kí ẹ sì fi fóònù ara yín ṣe àpẹẹrẹ fún wọn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Nígbà tí fóònù GSM dé orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2001, ìpè ni a ń fi í pè. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá kú, ìpè ni ó pàdánù, ẹni tí ó ń wá a yóò sì tún pè é ní ọjọ́ kejì. Lónìí, inú fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gba owó ọjà. Ẹ rántí oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà sì di ohun àwárí, títí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di òpin ọdún náà. Ní àkókò yẹn, ẹni tí fóònù rẹ̀ bá kú lọ́jà kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò pàtẹ rárá. Àwọn oníjìbìtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn a fi àlẹ́ẹ̀tì èké han ìyá aláṣọ lójú fóònù tiwọn, wọn a ní owó ti wọlé. Bí fóònù ìyá náà bá wà láàyè, kíá ni yóò wo iye tí ó wà ní báńkì, yóò sì rí i pé kọ́bọ̀ kan kò wọlé. Bí ó bá ti kú, ojú oníbàárà ni yóò máa wò, aṣọ a sì lọ bẹ́ẹ̀.

Iná tí a fi ń ṣájì náà ti di ohun tí a ń ra ní owó gọbọi. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó náírà 200 ní ilé epo ìjọba. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ó ti kọjá náírà 480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹni tí ó ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí fóònù, tàbí tí ó ń san owó fún oníṣájì ní ẹ̀bá ọ̀nà, mọ ohun tí a ń wí. Bí fóònù tí ó ń gba ṣájì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bá lè máa gba ẹ̀ẹ̀kan, ìdajì owó yẹn wà lápò wa.

Bátìrì dà bí àpò owó

Iye tí bátìrì lè gbà ni wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 5000 mAh. Nọ́ńbà yìí kò le. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí fóònù bá ń fa iná tí ó tó mílíáńpìà 500, wákàtí mẹ́wàá ni yóò lò. Bí ó bá ń fa 50, yóò lo ọgọ́rùn-ún wákàtí, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin àti wákàtí mẹ́rin. Àpò kan náà ni, ọwọ́ tí ó ń ná an ni ó yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín yóò rántí Nokia 1100, fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì tí ó jáde ní ọdún 2003. Bátìrì 850 mAh ni ó ní. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é sọ pé bí a bá gbé e kalẹ̀ láìfi í pè, ó lè wà láàyè tó wákàtí 400. Ẹ pín 850 sí ọ̀nà 400: díẹ̀ ni ó lé ní méjì. Mílíáńpìà méjì péré ni fóònù yẹn ń ná nígbà tí ó bá ń sinmi. Fóònù ńlá tòde òní ní àpò tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti Nokia náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí alẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bátìrì ńlá ni òògùn ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìnáwó kò bá dínkù, àpò tí a fẹ̀ yóò tún gbẹ ni.

Oorun fóònù

Fóònù tí a gbé sórí tábìlì, tí ojú rẹ̀ ti ṣú, sísùn ni ó ń sùn. Ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ dà bí oorun ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì síra, tàbí bẹ́ẹ̀, rédíò tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń jí díẹ̀, ó ń tẹ́tí sí máàsì, òpó irin gíga tí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ń rì káàkiri, bóyá wọ́n ń pe nọ́ńbà òun. Bí wọn kò bá pè é, á tún sùn. Àkókò tí yóò jí ti wà nínú àdéhùn láàárín òun àti máàsì, nítorí náà ìpè kì í kọjá rẹ̀. Ìnáwó inú èyí kéré gan-an. Ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí Nokia àtijọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù tuntun náà sì ní in. Ohun tí ó ń ba oorun náà jẹ́ ni kí a wá.

Èkíní ni jíjìnnà sí máàsì. Bí máàsì bá wà nítòsí, fóònù á sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́; bí ó bá jìnnà, á kígbe. Máàsì gan-an ni ó ń sọ fún un pé kí ó gbé ohùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nínú ìlànà GSM ti 2G, ohùn jẹ́jẹ́ yìí lè kéré tó ìdá 3 nínú 1,000 wáàtì kan, igbe rẹ̀ sì lè dé wáàtì 2. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ju ìlọ́po 600 lọ! Ti 4G kéré sí èyí, nítorí pé ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì ni òpin igbe rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹ sì tún kíyè sí i pé bí a bá jìnnà sí máàsì ní ìlọ́po méjì, agbára tí fóònù nílò kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ó kéré tán, ìlọ́po mẹ́rin ni, àti pé pápá tí ó tẹ́jú ni a ń sọ. Bí òkè, igbó àti ilé bá wà láàárín, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí ni ó fà á tí fóònù àgbẹ̀ fi máa ń kú kí ó tó ti oko dé, bẹ́ẹ̀ kò sì pe ẹnikẹ́ni láti àárọ̀. Níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti ń wá tí ó tún ń lọ, fóònù kì í sùn mọ́. Wíwá ni ó ń wá máàsì kiri: á wá 4G, á wá 3G, á padà sí 2G, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe oko kòkó nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, kí ó fi fóònù rẹ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí ojú rẹ̀ ní “flight mode”, tàbí kí ó pa á pátápátá. Kí ó bá ará ilé ṣe àdéhùn pé ní agogo méjìlá ọ̀sán àti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni òun yóò jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti dára, tí òun yóò sì tan án. Bí ó bá jẹ́ pé 2G nìkan ni ó dúró dáadáa lágbègbè náà, ó lè yan 2G nínú “Settings” títí yóò fi padà sílé, kí fóònù yé wá ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n kí ó má yan 4G nìkan o! Ọ̀pọ̀ fóònù ni kò lè gba ìpè lórí 4G, ìpè kò sì ní wọlé sí irú wọn mọ́.

Àwọn tí ó wà nínú ìlú náà ní tiwọn. Ṣọ́ọ̀bù tí a fi kọ̀nténà irin ṣe, tàbí tí a fi páànù yí ká, ń dí ọ̀nà mọ́ fóònù, nítorí irin kì í jẹ́ kí rédíò kọjá. Máàsì lè wà ní òdìkejì títì, kí fóònù tí ó wà nínú àpótí owó ní ìsàlẹ̀ kọ̀nténà sì máa kígbe bí ẹni tí ó wà ní oko. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn tàbí fèrèsé. Ẹ wo àwọn ìlà kékeré tí ó ń fi agbára nẹ́tíwọọ̀kì hàn lókè ojú fóònù. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù ni ẹ gbé e sí, bí kò bá sáà ti jẹ́ ibi tí olè yóò ti nawọ́ mú un.

Èkejì tí ó ń ba oorun fóònù jẹ́ ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, òun sì ni ó ń dùn mí jù nítorí pé owọ́ wa ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Nígbà tí mẹ́séèjì bá wọlé lórí dátà, rédíò á jí gidi, á gba ohun tí ó wá, kò sì ní padà sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á dúró díẹ̀, bí àlejò tí ó ti dágbére tán tí ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn yóò tún jáde. Lórí 3G àti 4G, ìdúró yìí lè tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ; ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ni ó ń pinnu rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà wọn iná tí fóònù 3G ń ná, wọ́n sì fi hàn pé owó ńlá ni ìdúró ẹnu ọ̀nà yìí ń jẹ, pàápàá bí ohun tí a gbà bá kéré.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní mẹ́séèjì 60 wọlé láàárín wákàtí kan, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí rédíò bá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di ìṣẹ́jú-àáyá 600, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko tí ó fi dúró lásán. Bí 60 náà bá wọlé pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú-àáyá 10 náà ni yóò fi dúró, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́séèjì kan náà ni, iye kan náà ni. Èyí kò ṣàjèjì sí wa nínú ẹgbẹ́. Akápò tí ó bá ń wọ ọkọ̀ lọ sí báńkì nígbàkúùgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá mú owó kékeré wá yóò fi owó ọkọ̀ jẹ owó ẹgbẹ́ tán. A kó o jọ di ọjọ́ ìpàdé, a sì lọ lẹ́ẹ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a ṣe sí dátà. Ẹ pa á nígbà tí ẹ kò bá lò ó, ẹ tan án ní àkókò tí ẹ yàn, bóyá ní wákàtí méjì méjì, kí gbogbo WhatsApp wọlé pọ̀, kí ẹ dá èsì padà, kí ẹ sì tún pa á. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn oníṣòwò pé àlẹ́ẹ̀tì kò ní wọlé. Àlẹ́ẹ̀tì tí báńkì bá fi SMS ránṣẹ́ kò nílò dátà rárá, ọ̀nà kan náà tí ìpè ń gbà wọlé ni ó ń gbà. Kóòdù tí a fi ń tẹ ìràwọ̀ láti wo iye owó wa kò nílò dátà pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń lo báńkì orí fóònù tí kì í fi SMS ránṣẹ́ ni ó ní láti tan dátà nígbà tí oníbàárà bá ń sanwó, kí ó wo owó náà kí ọjà tó kúrò lórí àtẹ, kí ó sì pa á lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ tún wọ inú WhatsApp, ẹ lọ sí “Settings”, lẹ́yìn náà “Storage and data”. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tí ó ń jẹ́ kí àwòrán àti fídíò máa wọlé fúnra wọn. Ẹ pa á. Fídíò àdúrà àti ti ìṣèlú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ kò yẹ kí ó jẹ bátìrì tí ẹ fẹ́ fi gba owó. Èyí tí ẹ bá fẹ́ wò, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò wọlé.

Ní ti síìmù méjì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Síìmù kọ̀ọ̀kan ní máàsì tirẹ̀ tí ó ń tẹ́tí sí. Bí ọ̀kan kò bá ní nẹ́tíwọọ̀kì ní àdúgbò yín, ẹ pa á nínú “Settings” títí ẹ ó fi dé ibi tí yóò wúlò.

Ojú fóònù

Nígbà tí a bá ń lo fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ tí ń tàn ni ó sábà máa ń ná bátìrì jù. Ẹni tí ó bá fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí òkè pátápátá nítorí oòrùn ọjà, kí ó rántí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá wọ inú ilé. Ẹ ṣètò rẹ̀ pé kí ojú fóònù máa ṣú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 15 tàbí 30 tí a kò bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ fóònù ni a rí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá ni wọ́n fi í sí, tí ó sì ń tàn nínú àpò fún àwọn kọ́bọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ilé.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa sọ pé kí a sọ ojú fóònù di dúdú, pé ó ń fi bátìrì pamọ́. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe òótọ́ fún gbogbo fóònù. Oríṣi ojú fóònù méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní OLED, ẹ̀ka kékeré kọ̀ọ̀kan ń tan iná ara rẹ̀, nítorí náà ibi tí ó bá dúdú ti kú, kò ná nǹkan kan. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní LCD, fìtílà kan ni ó wà lẹ́yìn tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Bí ojú dúdú, bí ojú funfun, fìtílà náà ń jó. Ọ̀pọ̀ fóònù tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n jẹ́ LCD. Láti mọ èyí tí ẹ ní, ẹ wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn biribiri, kí ẹ ṣí àwòrán tí ó dúdú pátápátá. Bí ojú fóònù bá ṣì ń mọ́ fírífírí bí eérú, LCD ni. Kódà fún OLED náà, kí a má ṣe retí iṣẹ́ ìyanu. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà wọn ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2021. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò ó nínú ilé, ìdá 3 sí 9 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni dúdú ń fi pamọ́. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà lókè pátápátá nìkan ni ó ń tó ìdá 39 sí 47. Ẹni tí ó rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ti ṣe ohun tí ó tóbi jù.

Tọ́ọ̀ṣì fóònù ńkọ́? Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀. Fóònù tí ó ṣe iṣẹ́ àtùpà lóru kò ní lè ṣe iṣẹ́ báńkì láàárọ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

A máa ń rí ẹni tí ó ń fi ìka gbá gbogbo áàpù dànù lójú fóònù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ó gbà pé òun ń ṣe ìtọ́jú bátìrì. Ní ọdún 2016, oníbàárà kan bèèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Apple, Craig Federighi, ọ̀gá kan níbẹ̀, sì dáhùn pé kò ṣe bátìrì ní àǹfààní. Kò pẹ́ sí i ni Hiroshi Lockheimer, tí ó jẹ́ ọ̀gá Android nígbà náà, sọ ohun tí ó jọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé áàpù tí a kò lò, fóònù ti fi í sùn. Bí a bá pa á, ìgbà mìíràn tí a bá ṣí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti tún gbéra, ìyẹn sì ń ná ju kí a jí i lójú oorun lọ. Áàpù tí ó ń pariwo pé òun yóò “fọ” fóònù, pé òun yóò mú bátìrì pẹ́ ní ìlọ́po méjì, kò yẹ kí ó wọ inú fóònù ọmọ ẹgbẹ́. Ìpolówó ọjà ni ó pọ̀ nínú wọn, ìpolówó náà sì ń fa dátà àti bátìrì.

Láti ọdún 2015 tí Android 6 ti jáde ni ọgbọ́n àkójọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Bí a bá gbé e kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, tí ojú rẹ̀ ṣú, yóò dá àwọn áàpù dúró, yóò sì jẹ́ kí gbogbo wọn ṣe iṣẹ́ wọn pọ̀ ní àkókò kan, yóò sì tún dá wọn dúró. Ohun tí ó kù fún wa ni kí a mọ áàpù tí kò gbọ́ràn. Ẹ lọ sí “Settings”, ẹ wọ “Battery”, fóònù yóò to àwọn tí ó ná bátìrì lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé ìnáwó ẹgbẹ́. Bí ẹ bá rí èyí tí ẹ kò ṣí láti ọjọ́ mẹ́ta, tí ó sì wà lókè ìwé, ẹ bi í léèrè. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí ẹ wà ni ó ń wá kiri. Ẹ gba àṣẹ “Location” lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Wi-Fi àti Bluetooth tí a kò lò, kí a pa wọ́n, ṣùgbọ́n ohun kékeré ni ti Bluetooth lórí fóònù tuntun, ẹ má fi ìyẹn dá ara yín lágara.

Ìtọ́jú bátìrì fúnra rẹ̀

Bátìrì máa ń darúgbó. Èyí tí wọ́n kọ 5000 sí lára lè máà gba 3500 mọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Apple, bí àpẹẹrẹ, sọ pé wọ́n ṣe bátìrì iPhone 14 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kí ó lè ṣẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kù lẹ́yìn tí ó bá ti gba ṣájì kíkún ní ìgbà 500. Nítorí náà, ẹni tí ó dín ìnáwó kù, tí ó ń ṣájì lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì, ti fi kún ọjọ́ ayé bátìrì náà.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ tí ó burú jù. Ilé-iṣẹ́ kan náà kìlọ̀ pé ooru tí ó bá ju ìwọ̀n 35 ti Celsius lọ lè ba bátìrì jẹ́ láìní àtúnṣe. Ní ilẹ̀ wa, ìwọ̀n yẹn kò jìnnà. Iwájú mọ́tò tí oòrùn ń pa, abẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí ó bá ń gba ṣájì, orí àtẹ láìní ìbòjì: gbogbo rẹ̀ ni ó ń sè é. Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ wà fún un.

Ìmọ̀ràn àtijọ́ kan ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, pé kí a jẹ́ kí bátìrì kú pátápátá kí a tó ṣájì, àti pé bátìrì tuntun gbọ́dọ̀ gba ṣájì fún wákàtí mẹ́jọ kí a tó tan án. Bátìrì nickel ti àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Bátìrì lithium, tí Sony kọ́kọ́ gbé jáde fún títà ní ọdún 1991, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò kọ̀ kí a fi díẹ̀ kún un bí iná bá dé, ó sì sàn fún un kí ó má máa dé òdo lójoojúmọ́. Bátìrì tí ó bá wú, tí ó ń ti ẹ̀yìn fóònù, kí a má lò ó mọ́ rárá. Ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe sọ ọ́ sínú iná, nítorí pé ó lè gbiná.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe pọ̀

Jẹnẹrétọ̀ tí ó ń ṣájì fóònù kan ń jẹ epo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí yóò jẹ bí ó bá ń ṣájì ogún. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ilé mẹ́wàá tan jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá nítorí fóònù. Ẹgbẹ́ tí ó ní ilé ìpàdé lè fi pánẹ́ẹ̀lì sólà kan sórí òrùlé. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bátìrì 5000 mAh gba iná tí ó tó bíi wáàtì 19 fún wákàtí kan. Pẹ̀lú èyí tí ó ń ṣòfò lọ́nà, ẹ kà á sí 25. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 100, bí ó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, yóò mú 400 wá. Ẹ yọ èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ fún eruku, ooru àti wáyà, kí ó ku 250. Fóònù mẹ́wàá nìyẹn lójúmọ́, láti òdo dé kíkún. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ti dín ìnáwó fóònù wọn kù dé ìdajì, ogún fóònù ni pánẹ́ẹ̀lì kan náà yóò máa bọ́. Ní oṣù òjò yóò dínkù, kí ìgbìmọ̀ ró ìyẹn pọ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó ná owó ẹgbẹ́.

Kí a má bàa gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán, a dábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dán an wò kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí fóònù wọn jẹ́ irú kan náà, tí wọ́n sì ń tajà ní ọjà kan náà, ṣájì rẹ̀ kún dé 100. Kí ọ̀kan lò ó bí ó ti máa ń lò ó. Kí èkejì pa dátà, kí ó máa tan án ní wákàtí méjì méjì, kí ó rẹ ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gbé e sí ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti dára. Kí àwọn méjèèjì kọ iye tí ó kù sílẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, agogo kan àti agogo mẹ́rin. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, kí wọ́n pààrọ̀ ipò, kí a lè mọ̀ bóyá fóònù ni tàbí ìlò. Kí akọ̀wé ka nọ́ńbà ọjọ́ méjèèjì sétí ìpàdé, kí ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ èyí tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa jáde nínú ìwé ìròyìn tí ń bọ̀, bí nọ́ńbà náà bá bá ohun tí a kọ síhìn-ín mu, àti bí kò bá bá a mu pẹ̀lú.